Mẹ́tàlá fún Mẹ́rìnlá

Àárọ̀ Sátidé ní Huddersfield,
òjò ò rọ̀, kò sì dá,
ó kàn ń da itọ́ síni lára bí ọmọ tó ń hu eyín.
Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Máíkírà mi létí pópó,
irú èyí tí wọ́n fi ń kó èrò n'Íbàdàn,
mo sì ti apá bọ ibi tí Ọlọ́run ò dá apá fún.

Sítátà ló kú.
Bóòtù méjì péré ló dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì.
Ọ̀kan ti jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àlejò tó mọ ìgbà tó yẹ kóun máa lọ.
Èkejì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún,
lábẹ́ páìpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà,
níbi tí ojú ò dé.
Ìka méjì ló lè débẹ̀,
àwọn méjèèjì ò sì ráyè jọ yí.

Mo fọwọ́ wò ó bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ wo owó.
Igun mẹ́fà ló yẹ kó wà lórí ẹ̀.
Mo ka ọ̀kan, mo ka ààbọ̀,
ìyókù ti yí róbótó bí èkùrọ́.
Mo gbé sípánà lé e, ó yọ̀.
Mo tún gbé e lé e, ó tún yọ̀,
awọ oríkèé ìka mi kù sára bátìrì.

Ni mo bá ṣépè.
Mo ṣépè fún ẹni tó fá a,
ẹni tó fi wàdùwàdù ki irin tí ò bá a mu bọ̀ ọ́ lórí,
ọmọ ìkánjú, ọ̀bàyéjẹ́,
kí ọkọ̀ tiẹ̀ náà kú fún un lóru lọ́nà Halifax.

Bàbá mi ṣe rẹwáyà ní Ìwó.
Kò jẹ́ kí n di sípánà mú rí.
"Tọ́ọ̀ṣì ni tìẹ," ni yóò wí,
"mú un dáadáa, má wo ojú mi, ibi iṣẹ́ ni kó o wò."
Ó ní bóòtù ò gbọ́ ìbínú,
epo ni kí n kọ́kọ́ fi bẹ̀ ẹ́.

Mo da epo sí i. Mo dúró. Mo mu tíì.
Ìyá Thackray ń retí mi ní Golcar láago méjì, kí n wá wẹ̀ ẹ́.
Bọ́ọ̀sì òkè yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ní wákàtí, bó bá wù ú.

Bàbá Haigh, ará ilé kejì, jáde pẹ̀lú sílípáàsì.
Ọdún mẹ́rin rèé, ọ̀rọ̀ òjò nìkan la jọ ń sọ.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò, ó padà wọlé.
Mo rò pó parí nìyẹn.
Ó gbé sókẹ́ẹ̀tì kan jáde, àti òòlù, àti ọ̀pá irin gígùn.
"Mẹ́tàlá," ló wí.
Mẹ́tàlá fún orí mẹ́rìnlá! Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀:
ohun tó kéré jù ú la ó fi tipá dé e ládé.

Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.
Kò wo ojú mi. Ibi iṣẹ́ ló ń wò.

Mo gbá a wọlé. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.
Kò mira.
Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ké,
ẹ̀ẹ̀kan báyìí, bí ilẹ̀kùn ilé tí ẹnìkan ò gbé.
Igbe yẹn ni mo fi rántí:
Oṣù Kejìlá èṣí, òkùnkùn, yìnyín,
èmi àti sípánà pọ́n-ùn kan,
mò ń wá nǹkan tó ń dún.
Èmi ni.
Èmi ni mo fá a.
Mo yọjú wo Bàbá Haigh, bóyá ó gbọ́ Yorùbá.

Bóòtù jáde, ó há sínú sókẹ́ẹ̀tì, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.
Bàbá náà ní kí n máa mú méjèèjì lọ.
Ìka lásán ni mo kọ́kọ́ fi yí tuntun wọlé,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn.

Ní Golcar, ọṣẹ ò tíì ká epo ọwọ́ mi.
Ìyá Thackray di ọwọ́ náà mú,
ó gbé e súnmọ́ imú, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ọkọ rẹ̀ wà nínú fọ́tò lókè ibi ìdáná,
ó wọ aṣọ iṣẹ́, apá rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá.
Kò sọ nǹkan kan.
Mo jẹ́ kí omi náà tutù.