Òdo àti Òdòdó

Kíláàsì wa ní Kàbà, fáànù mẹ́rin,
ọ̀kan ló ń yí, ó ń yí bí ẹni tí ebi ń pa.
Dókítà Ọlọ́runtóyìn kọ ọ́ sára pátákó:
náírà òní kì í ṣe ẹgbẹ́ náírà ọ̀la.
Ó fa ìlà gbọọrọ kan, ó kọ òdo sí ìdí rẹ̀,
lẹ́yìn náà ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
ó ń tò wọ́n bí ẹni ń kọ ebè.
"Òdo ni òní," ó wí. "Ibẹ̀ ni ẹ dúró sí."

Àwa ọgọ́fà lórí àga ọgọ́rin.
Ojú fèrèsé ni mo wà, ìwé lórí orúnkún,
ẹ̀rọ ìṣirò tí mo yá lọ́wọ́ Ibítóyè
tí bọ́tìnì méje rẹ̀ kì í gbọ́ àfi tí o bá bínú sí i.

"Ẹni tó bá fẹ́ gbowó ṣáájú àkókò,
yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀.
Ẹ jẹ́ ká wá díẹ̀ náà."
Ó wá a, ó rí i, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.
Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Èmi kò kọ nǹkan kan.
Mo mọ díẹ̀ yẹn. Ó máa ń gun ọ̀kadà
wá sílé wa ní Ìsánlú nínú oṣù Kejìlá,
nígbà tí ọyẹ́ bá ń la ètè.
Ajíbóyè ni wọ́n ń pè é.
Yóò fa ẹ̀ka kajú wálẹ̀, yóò gbóòórùn òdòdó,
yóò ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi.
Tó bá di oṣù Kẹrin, yóò kó èso,
yóò tà á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bínú sí bọ́tìnì méje
títí ó fi sọ èlé ọdún kan fún mi:
igba ó lé mẹ́tàdínlógójì lórí ọgọ́rùn-ún.
Àti àbọ̀.
Àbọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọkọ̀, a gba Mọ̀pà kọjá.
"Òkun o," ìyá mi ní, kò gbójú sókè, ẹ̀gúsí ló ń bó.
Mo tẹ́ ìwé sílẹ̀, mo ka èlé náà fún un
bí ọlọ́pàá tó ń ka ẹ̀sùn.
Ó bó méjì sí i. Ó bó ẹ̀kẹta.

"Fọlọ́runṣọ́, oṣù wo lẹ ń san owó ilé-ìwé?"
Oṣù Kìíní ni.
"Ṣé kajú máa ń pọ́n nínú oṣù Kìíní?"
N kò fèsì.
"Ọdún tí iná oko jó igi wa,
tí Ajíbóyè ti sanwó tán,
tó wá, tó wo eérú, tó bu omi mu,
tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ láìwí nǹkan kan,
ṣé ìyẹn wà nínú ìwé yín?"
Ó wà. Orí kẹfà ni.
A ò tíì débẹ̀.

Síbẹ̀, mo ní, èlé náà ti pọ̀ jù.
"Ó pọ̀. Ta ló ní n kò mọ̀?
Orí ìka mi ni mo ti ṣe é,
ọdún tí o wọ sẹ́kọ́ńdírì."
Ó na igbá sí mi. Mo bá a bó ẹ̀gúsí.

Nínú ìdánwò, ìbéèrè kẹta:
ẹ wá iye tí owó ọjọ́ iwájú jẹ́ lónìí.
Mo fa ìlà gbọọrọ, mo kọ ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.
Níbi tí ó yẹ kí òdo wà,
ọwọ́ mi ya òdòdó kékeré, ewé márùn-ún.

Mẹ́rìnlá nínú ogún ni wọ́n fún mi.
Dókítà fi bírò pupa yí òdòdó náà ká,
ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Kí nìyí?