Owó Tí Wọ́n Pè Ní Ìrànwọ́

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà.
Mo ká a sínú ọ̀rá, mo fi rọ́bà dè é,
mo tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.
Láti alẹ́ Sátidé ni ìrọ̀rí ọ̀hún ti ga jù fún ọrùn mi.

Bíríkìlà ni mí ní Ẹ̀fọ̀n, láàárín òkè.
Ẹni tó bá mọ ògiri mi mọ̀ mí:
n kì í kánjú, n kì í dín sìmẹ́ǹtì kù.
Nígbà tí Ìbídùn délé tó ní,
"Bàbá mi, wọ́n ní ká mú owó ìrànwọ́ wá
kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé,"
mo bi í pé, "Ta ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́?"
Ó wolẹ̀. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ nǹkan sí erùpẹ̀.
Mo ní, "N ò san." Ó parí.

Ìpìlẹ̀ ò tíì gbẹ tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò bá mi jà. Ó kàn ń fọ àwo
ju bí àwo ṣe dọ̀tí lọ.
"Gbogbo kíláàsì ló ti san. Ó ku tiwa."
Ẹ̀gbọ́n mi Famúrewá fóònù láti Adó:
"Èkìtì yìí kan náà, tí kò sílé tí ò ní ọ̀mọ̀wé,
ṣé ọmọ tiwa lo fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n?"
Díákónì tó ń gba owó náà jọ
ò pè é lólè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìrànwọ́ ni."
Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń fọ nǹkan ńlá mọ́!
Títí kan ọmọ iṣẹ́ mi tó ń po yẹpẹ:
"Ọ̀gá, téèyàn bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ṣebí ìkúùkù là á dì."

Mo jí lóru, mo ń ka owó.
Kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí mi.
Ojú ni. Ojú ìyàwó, ojú ará àdúgbò,
ojú tí kò tíì wò mí rárá
tí mo ti ń sá fún.
Mo kúkú mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́:
bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ló ń sọ ibi tí ìyókù máa kọjú sí.
Bó bá wọ́, wíwọ́ ni yóò dà bí títọ́
lójú ẹni tí ò mú okùn ìwọ̀n dání.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kùrukùru ti gbé òkè mì.
Mo tẹ̀lé Ìbídùn dé géètì, ọ̀rá owó nínú àpò ṣòkòtò.
Àwọn òbí tò. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì lójú.
Ìlà ń rìn. Ẹsẹ̀ mi ń bá a rìn.

Àfi bí mo ṣe rí Òjútalayọ̀, opó tó ń rán bàtà,
ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kò sí nínú ìlà,
ó káwọ́ gbera, òjò ń kán létí gèlè rẹ̀.
"Ẹ ò san ni?"
"N ò san."
"Ẹ̀rù ò bà yín?"
"Ó ń bà mí. Láti aago mẹ́fà ni mo ti wà níbí,
mo ń wò ó bóyá ẹnì kan á jáde wá bá mi."

Kò wàásù. Kò fi Ọlọ́run dẹ́rù bà mí.
Mo yà kúrò. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré,
àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin ò wúwo tó o.
A dúró, àwa méjì, wọ́n ń wò wá bí ẹni wo wèrè.
Ọkùnrin kan tó dé fìlà òféèfèé
wò wá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wò wá.
N ò mọ̀ bóyá ó san.

Ìbídùn ti wọlé. Kó tó wọlé, ó bojú wẹ̀yìn.

Èsì ò tíì jáde.
Owó ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí, n ò rí nǹkan fi rà.
Ọmọ ń kí mi láràárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ dáadáa,
àmọ́ kì í pè mí ní "Bàbá mi" mọ́.
"Ẹ káàárọ̀, sà," ló ń wí.