Oṣù Mẹ́fà Láìfọwọ́kan Ilẹ̀

Láti oṣù Bélú lẹ̀yìn ti ń dun Fáṣakin.
A ní ọkọ́ ni, a ní ebè ni, a fi òrí ra á.
Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gbé korobá omi
ni egungun ìhà kán pẹ́ẹ́, bí igi ìṣáná,
kò sẹ́ni tó lù ú.

Ní Ìdó, dókítà obìnrin kan ya àwòrán sẹ́yìn ìwé:
egungun rèé, mùdùnmúdùn rèé,
ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń hù rèé, èpò ti gbà á.
Wọn á fa sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀,
wọn á tọ́jú u sínú òtútù tó ju yìnyín lọ,
wọn á fi oògùn jó oko náà kanlẹ̀,
wọn á wá dá a padà.
Mo ń wo ẹnu rẹ̀ ṣáá.
Ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín:
“Èbù uṣu lẹ wí yẹn, dókítà.
Mo ti ń ṣe é láti kékeré.”

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jìnnà.
A ta ilẹ̀ òkè odò, a ta kòkó tí kò tíì gbẹ,
Adéfioyè àbúrò mi ta ọ̀kadà.

Ọjọ́ tí wọ́n dá a padà, mo ti ń retí ìyanu.
Àpò kékeré kan ni, pupa bíi sóbò tí wọ́n bu omi là.
Yàrá ń rùn bí àgbàdo sísè tí ááyù bọ́ sí.
Mo ní, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?
Nọ́ọ̀sì ní, gbogbo ẹ̀ nìyẹn, màmá. Ó kù kó hù.

Ẹnu rẹ̀ bó. Kò lè gbé itọ́ mì.
Irun wọ́ sórí ìrọ̀rí.
Ọjọ́ kẹtàlá wọ́n ka ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ ti yọjú.
Mi ò jó. Mo lọ fọ abọ́.

A ti dé Ìtapà báyìí. Dókítà ò sọ pé ó tán,
ó ní èpò mọ ọ̀nà oko.
Ó ní kó má fọwọ́ kan erùpẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.
Fáṣakin! Àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀!

Ó jókòó lókèèrè lábẹ́ igi obì,
ìbòmú lẹ́nu, fìlà lórí pípá, ó ń pàṣẹ:
“Ebè yẹn wọ́.”
Mo ní kó dìde wá tún un ṣe.
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Ó wá ní kí n na ọwọ́ sókè, kí òun rí ilẹ̀ náà,
bóyá ó tutù tó.
Mo nà án.
Mi ò sún mọ́ ọn.