Ojú-ewé Tí Ikán Jẹ

Ìwé náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni bàbá mi ń fi í sí
nígbà tó ń ṣọ́ géètì ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún, kùmọ̀ lósì,
kọ́bọ́ì elẹ́ṣin nídìí.
Dókítà òyìnbó kan tó ń re ilé ló fi í sílẹ̀
pẹ̀lú bàtà kan tí kò bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu.
Ẹnìkan mú bàtà. Bàbá mi mú ìwé.

Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, a ó ká yí àtùpà ká,
a ó wọ ìlú tí kò ní ju òpópónà kan ṣoṣo:
ilé ọtí, ilé ìfowópamọ́,
ekuru tó pọ̀ tó ti ọ̀nà Ìsánlú.
Àjèjì kan gun ẹṣin wọlé nírọ̀lẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni.
"Kò tiẹ̀ lè wí pé okun o?" ni ìyá mi máa ń ráhùn,
"ọmọ ta nìyẹn?"

Omi ni wọ́n ń jà lé lórí, kì í ṣe wúrà.
Ìyẹn yé wa, àwa tí a ń to korobá
sídìí kànga láti aago mẹ́rin ìdájí.
Olè tó wọ dúdú, tó dí odò mọ́ gbogbo ìlú,
orúkọ agbowó-orí wa ni bàbá mi sọ ọ́.
A ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rù á tún bà wá.

Lọ́sàn-án, igi ẹ̀gẹ́ ni ìbọn wa.
Jẹ́gẹ́dẹ́ ọmọ Ọlọ́runjúwọ̀n kò gbà kó kú rí.
A yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mẹfà,
ó ní abẹ́ apá òun ni ọta gbà kọjá.

Ikán kò mọ̀wé. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀.
Ojú-ewé mẹ́rin tó kẹ́yìn di erùpẹ̀,
ìtàn wá dúró lójú pópó, lọ́sàn-án gangan,
ọwọ́ àjèjì ń wá ìbọn, ọwọ́ olè ń wá ìbọn,
ó tán.

Bàbá mi kò jẹ́ kó tán.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, àjèjì kú, a sunkún sùn.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ obìnrin tó ni oko, ó kọ ebè iṣu.
Lọ́dún tí owó oṣù kò wọlé fún oṣù mẹ́ta,
àwọn méjèèjì sọ ìbọn sílẹ̀,
wọ́n jọ lọ bá ọ̀gá tó jẹ wọ́n lówó.

Lọ́dún yìí ni mo rí i ní Kàbà,
lórí tapólì lẹ́bàá gáréèjì,
láàrin ìwé àdúrà àti ìwé ìdánwò:
àtúntẹ̀.
Ẹṣin pupa ti di funfun. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n àjèjì.
Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń rùn.
"Màmá, mẹ́wàá ni mo kó wá láàárọ̀, èyí ló kù."
Ta ló ń rà á?
"Awakọ̀ tírélà. Pásítọ̀. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀.
Èmi náà ti kà á lẹ́ẹ̀mejì."
Kí lo rí níbẹ̀?
Ọmọ náà wo ọ̀nà Lọ́kọ́jà,
níbi tí darandaran kan ti ń da màlúù kọjá nínú ekuru.
"Ó lè lọ," ó wí. "Ìgbàkigbà tó bá wù ú, ó lè lọ."

Ojú bàbá mi ti di kùrukùru.
Mo ń kà á fún un nírọ̀lẹ́, ní gbàgede.
Nígbà tí a dé ojú pópó,
tí ọwọ́ méjèèjì ń wá ìbọn,
ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi bo ojú-ewé.
"Dúró níbẹ̀."
Mo ti kà á tán nínú mọ́tò. Mo mọ ẹni tó ṣubú.
Mo pa ìwé dé.
Ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ògiri.
"Òjò ló bẹ̀rẹ̀," ó wí,
"òjò ńlá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò rí ẹnì kejì mọ́.
Gbogbo korobá ìlú ló wà níta."