Ẹni Tó Ń Ka Rákà Ẹlòmíràn

Yìnyín bo òrùlé mọ́sálásí wa lẹ́bàá odò Dirina,
ó bo itẹ́ òkú, ó bo ọ̀nà, ó bo ipasẹ̀ àná.
Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ní àsùbáà,
èmi ni mo ń dáná sínú ààrò irin,
èmi ni mo ń to bàtà àwọn èèyàn sórí pákó.
Ẹni tó ń to bàtà á mọ ẹni tó ni ín:
bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Bàtà Hamdiya ló máa ń pẹ́ dé.
Lèmọ́mù á ti wọ rákà kejì kí ilẹ̀kùn tó dún,
kí òtútù tó tẹ̀ lé e wọlé bí ajá.
Ìlà ẹ̀yìn ni yóò dúró sí.
A ó sálámà, á kí èyí tó kù ú kù wàràwàrà,
kò ní ṣe tẹ̀sùbáà, kò ní bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́,
ó ti lọ.
Òórùn rákíyà nìkan ló ń kù síbi tó forí kanlẹ̀ sí.

Mo sọ fún Zulfo.
Zulfo sọ fún ìyàwó rẹ̀.
Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ó gun òkè, ó kọjá afárá;
kí Jímọ̀ tó kò, àwọn ọmọdé ti ń dimú fún Hamdiya.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mò ń kírun, mò ń gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́yìn,
mò ń bá a ka rákà:
ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ló bá wa kí.
Lèmọ́mù sálámà.
Èmi ńkọ́? Mélòó ni mo kí?
Mi ò mọ̀.
Mo dìde, mo tún tèmi bẹ̀rẹ̀, ojú ń tì mí níwájú ògiri.

Ṣé mo ronú? Rárá o.
Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín bí ọdẹ.
Kò yà sílé ara rẹ̀. Ilé Stana ló wọ̀,
arúgbó tí kì í kọjú síbi tí à ń kọjú sí,
tí ọmọ kankan ò kù sí lọ́dọ̀.
Mo yọjú lójú fèrèsé.
Hamdiya wà lórí ìkúnlẹ̀, ó da rákíyà sátẹ́lẹ́wọ́,
ó ń fi ra ẹsẹ̀ ìyá náà tó wú bí búrẹ́dì.
“Ọwọ́ rẹ tutù bí irin! Aláìmọ̀kan!”
“Ẹ ṣe sùúrù, ìyá. Ó ku ẹsẹ̀ kan.”

Lèmọ́mù ti kà á fún wa títí:
ẹ má ṣe ọ̀fíntótó ara yín,
ta ló fẹ́ jẹ ẹran òkú ọmọ ìyá rẹ̀?
Mo ti ṣe àmín sí i.
Mo ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú, mo fi iyọ̀ sí i,
mo bu fún Zulfo.

Ṣé ẹnu Hamdiya náà ń kan ìgò yẹn nígbà mìíràn?
Ẹ ò rí mi? Mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gun òkè, mo kọjá afárá, mo ní irọ́ ni mo pa.
Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Zulfo ní,
“Kí ló fún ẹ jẹ?”
Àwọn ọmọdé ṣì ń dimú.

Ní àsùbáà ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn dún nínú rákà kejì.
Mi ò kà á.
Nígbà tó jáde, bàtà rẹ̀ ò sí lórí pákó,
ẹ̀gbẹ́ ààrò ló wà, ó ti gbẹ, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó wo bàtà. Ó wò mí.
Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́,
ó sáré lọ.