Òkìtì Kékeré

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo já ewé orúwo
lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi ní Ìkéré,
ìrì ṣì wà lára rẹ̀,
Olósùnta ò tíì bọ́ ìbora kùrukùru.
Mo dì í sínú ìwé ìròyìn,
mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun
títí ọkọ̀ fi dé Adó.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ní yunifásítì ti dẹnu kọlẹ̀
láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Fájìnmí kọ̀wé, kọ̀wé, owó ò dé.
Ni mo bá forí lé Baṣírí, ọ̀dọ̀ Bọ̀dúndé,
ẹni tó ń tẹ ojú olóṣèlú sára síńgílẹ́ẹ̀tì,
tó ń tẹ orúkọ òkú sára báàgì ọ̀rá.
Mo ní, "Bá mi tẹ ìlà mẹ́ta sórí ọ̀rá yìí,
kó tín-ín-rín bí irun ẹnu ológbò."
Ó ní, "Àwòrán ta ni?"
Mo ní, "Ọ̀nà ni. Iná ni yóò rìn ín."
Ó bu dúdú náà, ó fimú kàn án:
èédú eésan ni, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo fi gọ́ọ̀mù pò ó,
eésan kan náà tí alágbẹ̀dẹ fi ń mú irin rọ̀.
Ó tẹ méjìlá, ó ba márùn-ún jẹ́,
ó gba owó méjìlá.

Ẹ̀kán omi ewé kan, kò tó omijé.
Mo so ìlà mẹ́ta mọ́ fóònù.
Iná ìjọba ti lọ láti àná, kò kàn wá.
Ìlà kan ń bọ̀ lójú fóònù, pẹrẹsẹ, pẹrẹsẹ,
àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè,
ó dé ṣóńṣó, ó sọ̀ kalẹ̀.
Òkìtì ni! Àwa ọmọ Èkìtì,
ta ni yóò kọ́ wa ní òkè wíwò?
Bí oró ewé bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lòkè ń ga.

Mo wá bu nínú àgbo ìyá àgbà fúnra rẹ̀,
èyí tó fi ń wo ibà gbogbo àdúgbò.
Ohun tó yọ kò tó ebè iṣu.
Mo tún un ṣe. Ebè.
Mo tún un ṣe.
Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí."

Ahọ́n ìyá àgbà ni ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ mọ̀.
Á ti ìka bọ ìkòkò, á tọ́ ọ lá, á dijú:
"Ó ku ewé méjì." "Ó tó."
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn rí.

Ní Sátidé mo padà sí ulé. Ulé ni mo wí.
Mo fi òkè méjèèjì hàn án.
Ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ha ilẹ̀.
Ó ní, "Mo mọ̀. Ahọ́n mi ti kú láti ìgbà iṣu tuntun.
Ata ò ta mí mọ́. Ojú ni mo fi ń díwọ̀n.
Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Lẹ́yìn náà ló gba fóònù,
ó fi ìka tọ òkìtì gíga náà
láti ẹsẹ̀ dé orí, láti orí dé ẹsẹ̀.
"Ó mọ bó ṣe korò tó. Ó ṣeun.
Ṣé ó mọ̀ pé ìyàwó Adélúsì lóyún,
pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan èyí?"

Mo ní kò mọ̀.

"Ó dáa. Jókòó. Mú bírò."