Ewé Kẹsàn-án

Ọlọ́jà ní kí n wá gbọ́ agbára rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́, ó kùn bí agbọ́n inú agolo.
Mo ní, ẹ pa á ná.
Ariwo kọ́ ni mo wá rà.

Mo yọ abẹ rẹ̀, mo gbé e lé gíláàsì tábìlì:
ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú,
àbí ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú?
Mo fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá tó ń di abẹ mú, sọ́tùn-ún, sósì.
Èyí tó bá ń ṣe yẹ̀gẹ̀yẹ̀gẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jà
kò ní í rìn tààrà lórí pákó olówó.
"Sísótéèsì gidi ni, Jámánì ló ti wá!"
Bó ti Jámánì wá, bó ti Ṣáínà wá,
igi Àjàṣẹ́ ni yóò jẹ.
Ó pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún sẹ́ẹ̀fà,
mo san mẹ́rìnlá, mo gba abẹ mẹ́ta ní èènì.

Ilé baba ńlá Rafíátù ni iṣẹ́ wà,
ilé Àgùdà tí ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ń ṣí,
ìgbátí òrùlé rẹ̀ rí bí etí léèsì,
ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ihò láàárín wọn.
Ikán ti jẹ ìdajì, òjò ti mu ìyókù.
"Ṣé ẹ lè ṣe é kó rí bó ṣe rí?"
Mo ní n ó gbìyànjú.
Ẹni tó ní kò le, kò tíì gun àkàbà.

Gàníù, gbọ́.
Eyín abẹ yìí kọjú sókè,
òkè ló ti ń ya igi jẹ;
ojú tí ayé yóò rí, dà á délẹ̀,
ẹ̀yìn ni kí o fa ìlà sí.
Eyín ńláńlá fún pákó tó nípọn, wẹ́wẹ́ fún ọ̀ṣọ́.
Abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ló mọ kọ́nà;
èyí tó fẹ̀ á jó igi, á fi dúdú sí etí ewé.
Ihò àárín, kọ́kọ́ lu ú, kí ayùn rí ẹnu ọ̀nà wọlé.
Má tì í.
Mo ní má tì í!
Bí o bá tì í, abẹ á tẹ̀ nísàlẹ̀:
òkè á ní òun ṣì wà lórí ìlà,
ìsàlẹ̀ á ti máa lọ sí Sẹ̀mẹ̀.

A gé mẹ́fà. Lórí ìkeje, iná lọ.
Abẹ há sínú igi bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.
Gàníù fà á yọ; etí ewé là.
N kò bínú púpọ̀.
Mo bínú díẹ̀.

Mo gbé pákó àtijọ́ bọ́ sínú oòrùn
kí n lè tún un wọ̀n.
Ìgbà náà ni mo tó rí i:
ewé kẹrin sanra ju ìkẹta lọ,
ìkẹsàn-án ní ọgbẹ́
tí ẹnìkan fi àtè àti ìyẹ̀ igi dí,
tó kùn ún lọ́dà, tó sì gbé e gòkè
síbi tí ojú ò ti lè bá a wí.

Mo ṣí gọ́ọ̀mù. Gàníù kó ìyẹ̀ igi nílẹ̀.
Nígbà tí iná dé,
a bẹ̀rẹ̀ ìkẹjọ láì sọ̀rọ̀.